Tètèrègún: Ìdílé Ewé Ilẹ̀ Olómi Kan, Orúkọ Rẹ̀ àti Ìpínsísọ̀rí Rẹ̀



Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ewé. Iṣẹ́ onímọ̀ ewéko ni ewé, iṣẹ́ tèmi ni ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ewé, ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn baba ńlá wa ní ìlànà tí wọ́n fi ń pín ohun tí ó ń hù sí ìsọ̀rí, inú èdè ni yóò ti kọ́kọ́ wá a, nítorí wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan fún wa. Ewé kan ṣoṣo ni mo yàn fún àyẹ̀wò lónìí. Tètèrègún ni.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní ni pé nígbà tí Yorùbá bá pe tètèrègún, kì í ṣe ẹ̀yà ewé kan ṣoṣo ni ó ń pè, odindi ìdílé ni. Èkejì ni pé ìdílé yìí bá èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko fi ohun tí ó lé ní igba ọdún wá mu. Ẹ̀kẹta ni pé ìmọ̀ yìí lè bọ́ sọnù lọ́wọ́ wa nítorí ohun méjì tí ó jọ ohun kékeré: àmì tí a kò fi sórí ọ̀rọ̀, àti ilẹ̀ olómi tí a ń fi yanrìn dí.

1. Ewé náà àti ibùgbé rẹ̀

Tètèrègún fẹ́ràn ilẹ̀ tí omi kò jìnnà sí. Etí odò, àkùrọ̀, àti abẹ́ igi níbi tí òjìji ti pọ̀ ni a ti ń rí i. Ọ̀pá rẹ̀ lè ga tó mítà mẹ́ta, kì í sì í ya ẹ̀ka bí igi. Gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ibi tí ó bá sì rìn dé ni ọ̀pá tuntun ti ń yọ. Ní orí ọ̀pá ni òdòdó rẹ̀ ti ń tanná, láàárín ewé wẹ́wẹ́ tí ó ṣù mọ́ra wọn.

Bí ẹ bá mú ọ̀pá kan lọ́wọ́ tí ẹ sì ń yí i, ẹ ó rí àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Ewé rẹ̀ kì í jáde ní méjì-méjì, kì í sì í tò sí apá ọ̀tún àti apá òsì bíi ti atalẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń jáde, wọ́n sì ń yí ọ̀pá po lọ sókè bí àtẹ̀gùn tí a kọ́ yí òpó ká. Ẹ fi imú gbọ́ ọ: kò ní òórùn títa tí atalẹ̀ àti ataare ní. Ẹ fi ẹnu kàn án: omi inú ọ̀pá rẹ̀ kan. Nítorí omi yìí ni àwọn tí ó ń rin oko fi máa ń jẹ ẹ́ lẹ́nu nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n. A ń lò ó fún ikọ́ pẹ̀lú. Nínú ìsìn òrìṣà, ewé ẹ̀rọ̀ ni, ó bá òdúndún àti rinrin kẹ́gbẹ́, a sì mọ̀ ọ́n mọ Ọbàtálá.

Ó yẹ kí á sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Ṣómólú àti Bàrígà. Ilẹ̀ ibí yìí, ilẹ̀ olómi ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀sà ni Bàrígà kọjú sí ní ìhà ìlà-oòrùn, àwọn Ìlàjẹ apẹja sì tẹ̀dó sí etí rẹ̀. Láti ìgbà tí èrò ti ń pọ̀ ní Èkó ni a ti ń fi yanrìn àti pàǹtírí dí irà, tí a sì ń kọ́lé lé e. Nítorí náà, ará àdúgbò yìí tí ó bá ń wá tètèrègún kò lọ sí etí odò mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ lọ́jà ni ó ń lọ. Ìdì ewé tí a ti gé láti ìgbèríko ni ó ń rí rà. Ọ̀pá àti ewé ni ó rí, kò rí òdòdó, kò rí gbòǹgbò, kò sì rí ilẹ̀ tí ó ti hù. Ohun tí ó so ewé náà mọ́ òye ẹni tí ó rà á kò ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí orúkọ náà fi yẹ ní títọ́jú.

2. Bí àwọn onímọ̀ ewéko ṣe pín in

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ìsọ̀rí tí ó tóbi ni n ó máa pè ní ẹbí. Èyí tí ó wà nínú rẹ̀ ni n ó máa pè ní ìdílé. Èyí tí ó wà nínú ìdílé, tí ó kéré jù lọ, ni n ó máa pè ní ẹ̀yà. Nínú orúkọ Látìn alápá méjì tí wọ́n ń fún ewéko, apá kìíní ni orúkọ ìdílé, apá kejì ni ó ń sọ ẹ̀yà.

Linnaeus, onímọ̀ ará Swídìn, ni ó fi ìdílé tètèrègún sínú ìwé ńlá rẹ̀ ní 1753. Costus ni ó pè é. Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá wo ilé tí orúkọ yìí ti wá, a ó rí i pé aṣọ àyálò ni. Gbòǹgbò olóòórùn dídùn kan láti ilẹ̀ Íńdíà ni àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù ń fi orúkọ náà pè. Ewéko tí ó ni gbòǹgbò náà sì wà nínú ẹbí tí ewúro wà, kò bá tètèrègún tan rárá. Èyí nìkan kọ́. Ẹ̀yà tí Linnaeus fi ṣe àkọ́kọ́ nínú ìdílé náà, Costus arabicus ni ó pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí ti ilẹ̀ Lárúbáwá. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewéko náà ti ń hù. Orúkọ Íńdíà, ìnagijẹ Lárúbáwá, ọmọ Amẹ́ríkà! N kò sọ èyí láti fi ọ̀mọ̀wé náà ṣe ẹlẹ́yà. Mo sọ ọ́ kí á lè mọ̀ pé orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ pẹ̀lú ní ìtàn, àti pé kì í ṣe òun nìkan ni ó mọ́lẹ̀ tí tiwa sì ṣókùnkùn.

Ẹ̀yà méjì ni ó kàn wá jù lọ ní ilẹ̀ wa. Èkíní ni Costus afer, tí Ker Gawler sọ lórúkọ ní 1823. Ti Áfíríkà ni afer túmọ̀ sí. Èkejì ni Costus lucanusianus, tí Braun àti Schumann sọ lórúkọ ní 1889. Òdòdó ni a fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Nínú Costus afer, òdòdó méjì ni ó ń jókòó sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ewé wẹ́wẹ́ tí ó ṣù sórí ọ̀pá. Nínú èkejì, ẹyọ kan ni. Ẹni tí ó rí ọ̀pá àti ewé nìkan lè máà mọ èyí tí ó mú dání. Tètèrègún sì ni orúkọ àwọn méjèèjì lẹ́nu wa.

Ìbéèrè tí ó gba àwọn onímọ̀ lákòókò jù ni ti ẹbí. Fún ìgbà pípẹ́, inú ẹbí atalẹ̀ àti ataare ni wọ́n fi tètèrègún sí. Ní 1941, Nakai, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù, yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ó sì fún un ní ẹbí tirẹ̀, Costaceae. Kì í ṣe gbogbo ayé ni ó gbà. Nígbà tí a tún ìwé ńlá lórí ewéko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tẹ̀ ní 1968, inú ẹbí atalẹ̀ ni wọ́n ṣì fi tètèrègún sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ lágbára. Mo ti mẹ́nu ba méjì: ewé tí ó ń yípo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti àìní òórùn. Ẹ̀kẹta wà nínú òdòdó. Apá akọ kan ṣoṣo ni ó ń mú lẹ́búlẹ́bú jáde níbẹ̀. Márùn-ún yòókù ti para pọ̀ di ètè fífẹ̀ kan tí ojú máa ń kọ́kọ́ rí. Nínú òdòdó atalẹ̀, méjì péré ni ó para pọ̀ di irú ètè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì wò, èyí tí wọ́n ń pè ní DNA, ọ̀rọ̀ náà yanjú: ìbátan tímọ́tímọ́ ni tètèrègún àti atalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí wọn kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn méjèèjì, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdò àti ewé eéran, wà nínú agbo ńlá kan náà.

Ní 2006, Chelsea Specht àti Dennis Stevenson tún inú ẹbí náà tò. Ìdílé mẹ́rin tí ó wà tẹ́lẹ̀ di méje. Àwọn kan tí wọ́n ń pè ní Costus tẹ́lẹ̀ jáde lọ gba orúkọ mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ni ewéko kékeré inú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó di Paracostus englerianus. Òmíràn ni Costus speciosus ti Éṣíà, tí ó ń jẹ́ Hellenia speciosa nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n tètèrègún wa méjèèjì kò kúrò nínú Costus.

3. Orúkọ àbísọ àti ìnagijẹ

Ẹ jẹ́ kí á padà sí èdè wa. Orúkọ méjì ni ewé yìí ní. A ń pè é ní tètèrègún, a sì tún ń pè é ní ìrèké ọmọdé. Bí ènìyàn ṣe lè ní orúkọ àbísọ kí ó sì ní ìnagijẹ ni mo ṣe wo orúkọ méjèèjì. Ìrèké ọmọdé ń sọ ohun tí ewé náà jọ àti ohun tí a ń fi í ṣe: ó ní ọ̀pá, ó ní omi, ọmọdé lè jẹ ẹ́ lẹ́nu. Kò sí Yorùbá tí yóò gbọ́ orúkọ yìí tí yóò rò pé ìrèké ni. Ìrèké gidi, ẹbí koríko ni, bí àgbàdo àti ọkà bàbà. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì náà pè é ní ìrèké ọ̀bọ. Ìnagijẹ ni gbogbo ìwọ̀nyí, wọn kò pe ìbátan. Tètèrègún ni ó ń pe ìbátan.

Ẹnìkan lè bi mí pé: bí ẹ̀yà méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan, ṣé kì í ṣe àìtó ìmọ̀ nìyẹn? Ìdáhùn mi ni pé kí ó wo bí èdè wa ṣe ń ṣe níbi tí ìyàtọ̀ bá ti já mọ́ nǹkan. A ní ẹfinrin ńlá, a ní ẹfinrin wẹ́wẹ́. A ní tẹ̀tẹ̀, a sì ní tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún. Orúkọ ìdílé ni ó ṣáájú, ọ̀rọ̀ tí ó ń fi ìyàtọ̀ hàn ni ó tẹ̀ lé e. Ìlànà Linnaeus gan-an nìyí. Kódà, Amaranthus spinosus ni Linnaeus pe tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, ẹlẹ́gùn-ún náà sì ni spinosus túmọ̀ sí. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹnì kejì. Ojú kan náà ni wọ́n fi wò ó. Èdè tí ó mọ bí a ṣe ń ya ẹ̀yà sọ́tọ̀ báyìí, bí kò bá ya ti tètèrègún sọ́tọ̀, ohun tí ó ń sọ fún wa ni pé ìlò wọn kò yàtọ̀. Ibi tí ìlò kò bá ti pín, orúkọ kì í sábà pín.

N kò sọ pé gbogbo orúkọ ewé Yorùbá ni ó bá ìdílé àwọn onímọ̀ ewéko mu. Orúkọ ewé ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe. Pierre Fátúmbí Verger, tí ó di babaláwo ní Kétu, tí ó sì tẹ àkójọ ńlá rẹ̀, Ewé, jáde ní Bùràsíìlì ní 1995, tọ́ka sí i pé ìró kan nínú orúkọ ewé sábà máa ń jẹ yọ nínú ọ̀rọ̀-ìṣe ọfọ̀ tí a ń pè sí i. Ìyẹn ni pé orúkọ ewé lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìró bá yí padà, kọ́kọ́rọ́ náà kò ní í ṣí ilẹ̀kùn mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

4. Ẹ̀rí òkè òkun

Ẹ̀rí tí ó dá mi lójú jù pé orúkọ ìdílé ni tètèrègún, òkè òkun ni ó ti wá. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń ja ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ìlú sì ń tú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni a kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Bùràsíìlì. Wọ́n gbé òrìṣà wọn dání nínú ọkàn, ṣùgbọ́n òrìṣà kò lè wà láìsí ewé. Igbó tí wọ́n bá níbẹ̀ kì í ṣe igbó tí wọ́n mọ̀. Àwọn ewé kan ni a gbé sọdá òkun tọ̀ wọ́n lọ. Fún àwọn mìíràn, àfi kí wọ́n wá ohun tí ó bá tilé mu.

Títí di òní, ewé kan wà nínú Candomblé tí wọ́n ń pè ní teteregun. Àwọn tí ó kọ ìwé lórí ewé ẹ̀sìn náà ní Bùràsíìlì pe ewéko náà ní Costus spicatus. Àwọn elédè Potogí ń pè é ní cana-do-brejo, èyí tí í ṣe ìrèké inú irà. Costus spicatus kì í ṣe Costus afer. Ẹ̀yà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, kò hù ní ilẹ̀ Yorùbá rí. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn wa wò ó, wọ́n rí ewé tí ó ń yí ọ̀pá po, wọ́n tọ́ omi kíkan rẹ̀ wò, wọ́n rí ilẹ̀ tútù tí ó ti hù, wọ́n sì sọ pé: tètèrègún nìyí. Wọn kò ní ìwé lọ́wọ́, wọn kò ka Linnaeus. Wọ́n ṣì mọ ìdílé mọ ọmọ rẹ̀ tí wọn kò rí rí.

Ìmọ̀ òde òní wá fi ohun ìyanu kan kún un. Àyẹ̀wò DNA fi hàn pé láti inú àwọn Costus ti Áfíríkà ni àwọn Costus ti Amẹ́ríkà ti ṣẹ̀. Èyí ni pé baba ńlá ewé náà ti ré òkun kọjá kí ènìyàn kankan tó rìn lójú ọ̀nà náà. Nígbà tí àwọn ọmọ Yorùbá bá a pàdé ní Bàhíà, ìbátan ilé ni wọ́n bá pàdé. Orúkọ tí wọ́n fún un kì í ṣe àfiwé lásán, òótọ́ ni.

5. Ewu tí ó wà nínú àìfi àmì sí ọ̀rọ̀

Mo wá dé ibi tí ó kan èmi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí Costus afer, wọn a máa sọ pé "tete-egun" ni Yorùbá ń pè é. Kò sí àmì ohùn, kò sí àmì ìsàlẹ̀. Bí a bá gbé e wò, a ó rí i pé tètèrègún náà ni, tí kọ́ńsónáǹtì r ti jẹ́ pípajẹ nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òrìṣà ṣe di òòṣà tí dáradára sì di dáadáa. Kò sí àléébù nínú ìpajẹ. Àléébù wà nínú bí a ṣe kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún pẹ̀lú láìsí àmì. Yóò di "tete elegun". Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ "tete egun". Ẹni tí kò mọ ewé méjèèjì, tí ó sì ń kà á nínú ìwé, kí ni yóò dá a dúró kí ó má rò pé ohun kan náà ni wọ́n, tàbí pé irú tẹ̀tẹ̀ kan ni tètèrègún? Lójú, ọmọ ọdún méje kò ní í ṣi ọ̀kan mú fún èkejì: ọ̀kan jẹ́ ewéko ẹlẹ́gùn-ún tí ó ń hù létí ọ̀nà, èkejì jẹ́ ọ̀pá gíga ti inú àkùrọ̀. Lórí ìwé, wọ́n di ìbejì. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ti oògùn, oògùn ewé mìíràn ni ẹni tí ó kà á yóò sè. Bí ó bá sì jẹ́ ti ọfọ̀, ìró tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn ti yí padà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ṣáájú.

Kì í ṣe pé a kò ní ìlànà. Láti 1974 ni a ti ní àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ní 1984, Z. O. Gbilé kó orúkọ ewéko Yorùbá jọ pọ̀ mọ́ orúkọ Látìn wọn, ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ohun tí ó kù ni kí àwa tí a ń kọ̀wé àti àwọn tí ó ń tẹ̀wé fi ọwọ́ gidi mú àmì. Gbogbo Èkó ni ó mọ Ṣómólú mọ ìwé títẹ̀. Láàárọ̀ dalẹ́ ni ẹ̀rọ ń ké ní àwọn òpópó ibẹ̀. Lóòótọ́, lórí kọ̀ǹpútà, ẹ́ àti ọ́ kò ní ààyè tiwọn; lẹ́tà kan àti àmì tí a gbé lé e lórí ni a fi ń tò wọ́n, àmì náà sì lè já bọ́ níbi tí a kò ti ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń tẹ ìwé ewé tí ó jẹ́ kí àmì já bọ́, ewé ni ó pààrọ̀.

6. Ìkádìí

Kí ni a lè ṣe? Èkíní, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ orúkọ ewé sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ti oògùn kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ó sì fi orúkọ Látìn tì í. Orúkọ Látìn ń yí padà, a ti rí i pé ó yí ní 2006. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Èkejì, kí á so orúkọ mọ́ ewé fúnra rẹ̀. Yunifásítì Èkó tí ó wà ní Akọka, tí kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ láti Bàrígà, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ewé gbígbẹ tí a fi orúkọ àti ibi tí a ti já a sí lára. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè máa lọ síbẹ̀. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ewéko pẹ̀lú máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní ọjà Ṣómólú àti Bàrígà, kí wọ́n fetí sí bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ bí ẹnu ṣe pè é. Oníṣẹ́ oògùn tí ó fẹ́ mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ òun nínú ẹ̀yà méjì nílò òdòdó. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ìdí tí a fi pè wọ́n ní ọ̀kan nílò ìyá ẹlẹ́wé.

Ẹ̀kẹta ni ó nira jù. Tètèrègún kò lè hù lórí kọnkéré. Bí a bá dí gbogbo àkùrọ̀ tán, orúkọ náà yóò ṣì wà lẹ́nu fún ìran kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà yóò di ọ̀rọ̀ tí a ń pè láìmọ ohun tí ó jẹ́. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà pàdánù ilẹ̀, wọn kò pàdánù òye tí wọ́n fi mọ ewé, nítorí pé wọ́n ti fi ojú rí i, wọ́n ti fi ọwọ́ kàn án nílé kí wọ́n tó lọ. Ọmọ tí a bí ní Bàrígà lónìí kò kúrò nílé, ṣùgbọ́n ó lè dàgbà láìrí ọ̀pá tètèrègún kan tí ó dúró lórí ilẹ̀. Bí a bá gbé òun lọ sí Bàhíà, kí ni yóò fi mọ ìbátan ilé?